Ẹ̀yìn Ló Ń Ro Mí, Kò Sẹ́ni Tó Wo Ọkàn Mi: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ̀yìn, orúnkún tàbí ọrùn ń ro láti ọdún dé ọdún, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò tíì pẹ́ tí mo kúrò ní ọsibítù, mi ò sì fẹ́ kí ọjọ́ gorí ọjọ́ kí n tó sọ ọ́.

Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ó jókòó síwájú wọn, wọn á ní, "Láti oókan dé ẹẹ́wàá, báwo ni ìrora náà ṣe tó lónìí?" Ẹ ó dárúkọ iye kan, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀, wọn á kọ oògùn fún yín. Mo dárúkọ iye yẹn títí ó fi sú mi. Ìfúnpá mi ńkọ́? Ní ibi tí mo ti ń gba ìtọ́jú ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Diclofenac ni wọ́n ń kọ fún mi. Nígbà mìíràn wọ́n á yí i sí ibuprofen, tó bá tún ṣe díẹ̀, wọ́n á dá mi padà sí diclofenac.

Lóru ọjọ́ tí mò ń wí, ìrora jí mi. Ìrora ti máa ń jí mi tẹ́lẹ̀, ìyẹn kọ́ ni tuntun. Ṣùgbọ́n èyí gun òkè, ó wà láàárín èjìká mi méjèèjì, ó wá gba ibẹ̀ lọ sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bíi pé eyín ló ń dùn mí. Àyà gan-an ò ro mí, ó kàn wúwo ni. Èébì ń gbé mi. Òógùn tútù bò mí títí aṣọ mi fi rin gbingbin. Ọmọbìnrin mi wọlé, ó tan iná, ó ní, "Mọ́mì, ojú yín ti yí padà. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì wo fáìlì mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yìn yín yìí náà ni. Ẹ lọ jókòó, wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ tó máa jẹ́ kó rọlẹ̀." Mi ò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé ìjókòó yẹn. Ẹni tó bá ti bá èèyàn gbé inú ilé kan pẹ́, á mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó wọlé tọ̀ mí wá lóru yẹn, àjèjì ni. Mo ń gbìyànjú láti sọ ọ́, èémí ò tó mi sọ. "Ẹ̀yìn" nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ. Ìtìjú tún dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nípò mi mọ ìtìjú yẹn: èyí tó máa ń sọ fúnni pé a ti ké jù, pé a ti yọ gbogbo èèyàn lẹ́nu tó. Mo rò pé orí àga yẹn ni n ó kú sí, tí wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yìn ló ń ro mí.

Ọmọ mi ló fò dìde. "Ẹ wọn ìfúnpá ìyá mi! Ẹ ṣáà wọ̀n ọ́n!" Nọ́ọ̀sì mìíràn tó ń kọjá lọ ló dá a lóhùn. Ó wọ̀n ọ́n, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tún un wọ̀n. Kò sọ ohunkóhun, ó sáré lọ pe dókítà. 190 lórí 110. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, ìwé tó jáde lára ẹ̀rọ náà ló tú àṣírí: iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn mi ti ń dí.

Wọ́n ki wáyà tín-ín-rín gba ọrùn ọwọ́ mi lọ dé ọkàn, wọ́n la ibi tó dí, wọ́n fi nǹkan gbé e ró. Mo padà sílé. Mo dúpẹ́.

Bí ẹ ò bá ka ìyókù, ẹ mú èyí: níbikíbi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú ìrora yín, ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá yín. Ìrora tó bá ti lé ní oṣù 3 kì í dá mọ sí ojú ibi tó ti ń roni. Ara á máa ṣe bíi pé ewu wà nítòsí ní gbogbo ìgbà: adrenaline àti cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ewu, á máa ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ìfúnpá á gòkè. Ẹ tún fi àìsùn kún un, ẹ fi àìlèrìn tó ń jẹ́ kí ara wúwo kún un, ẹ fi ìbànújẹ́ kún un. Ní ti àwọn tí oríkèé wọn ń wú nítorí pé ara ń bá ara jà, ìwúlé yẹn kan náà máa ń ba ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Oògùn náà tún wà níbẹ̀. Diclofenac, ibuprofen, naproxen, gbogbo wọn lè mú kí iyọ̀ àti omi dúró sára, kí ìfúnpá gòkè, kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kí kíndìnrín sì fara gbá a. Ní 2004, wọ́n kó Vioxx, oògùn ìrora kan nínú ìdílé yìí, kúrò lórí igbá káàkiri ayé nítorí ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ní 2013, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù sọ pé kí ẹni tó ní àrùn ọkàn má lo diclofenac. Ní 2015, ti Amẹ́ríkà mú ìkìlọ̀ lórí ìdílé oògùn yìí le sí i: ewu náà lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, bí èèyàn bá sì ṣe ń lò ó tó ni ewu ṣe ń pọ̀ tó. Ibuprofen tún lè dí aspirin tí wọ́n fún èèyàn nítorí ọkàn lọ́wọ́. Ẹnì kan á ní ó wà nínú ìwé tó wà nínú páálí. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí ìrora kò jẹ́ kó sùn kọ́ ló yẹ kó máa wá a nínú lẹ́tà tó kéré bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dá oògùn rẹ̀ dúró lónìí. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ̀ ń lò, títí kan èyí tí ẹ rà fúnra yín, lọ síwájú dókítà, kí ẹ bi í pé: "Ṣé ọkàn mi lè gba èyí? Ìfúnpá mi ńkọ́?" Mi ò sì bú àwọn oníṣègùn, àwọn náà ló gbà mí là. Àmọ́ ẹni tó ń wo ẹ̀yìn kì í wo ọkàn, àárín wọn ni mo há sí.

Tí ìrora bá wá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀, tó bá lọ sí àgbọ̀n, èjìká tàbí apá, tí òógùn tútù, èébì tàbí àìlèmí dáadáa bá bá a wá, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Èyí kì í ṣe ìrora mi àtijọ́." Àwa obìnrin gan-an, iṣan ọkàn lè dí láìjẹ́ pé àyà ro wá púpọ̀. Kí wọ́n sì wọn ìfúnpá yín.

Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ nílé, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n ibi tí ọkàn wà, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ń dé 140 lórí 90 léraléra, ẹ mú ìwé náà lọ fún ẹni tó ń kọ oògùn ìrora fún yín. Tó bá lé ní 180 lórí 120, tí àyà ń ro yín tàbí tí ẹ ò lè mí dáadáa, ẹ má dúró di àárọ̀.