Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun àti Irùngbọ̀n Àwọn Tó Ń Darí Wa

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́. Àkúrẹ́.

Ṣé dandan ni kí ọkùnrin fá irùngbọ̀n rẹ̀ kanlẹ̀ kó tó lè wà nípò olórí nínú ìjọ wa? Ẹ̀gbọ́n kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìsìn òní, bí a ṣe ń to àga. Mo dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn orí ìdúró ni. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ni ìjọ wa, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn nígboro yìí ṣì ń pè ní Mọ́mọ́nì. Bíṣọ́ọ̀bù wa kì í gba owó oṣù lọ́dọ̀ ìjọ. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe jẹun láti Ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi olùdámọ̀ràn rẹ̀, télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì jìnnà sí Ọjà Ọba. A ò ní sùtánà, a ò ní kọ́là àlùfáà, a ò sì ń wọ aṣọ funfun gbọọrọ bíi ti àwọn ará Kérúbù àti Sẹ̀lẹ́. Ohun tí èèyàn máa ń rí lára àwa tó ń darí ni ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, ṣòkòtò dúdú, kóòtù fún ẹni tó bá ní, irun tí a gẹ̀ mọ́lẹ̀ àti àgbọ̀n tó ń dán. Nígbà tó pẹ́, ìmúra yẹn di sùtánà tiwa, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó jókòó yàn án fún wa.

Mo fẹ́ràn ìmúra yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tó máa dúró níwájú ìjọ, kó gbàdúrà sórí búrẹ́dì àti omi oúnjẹ Olúwa, kò yẹ kó jí sáré wọ ohun tó bá rí. Lálẹ́ Sátidé, mo máa ń fi oorun du ara mi nítorí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn: màá fi búlúù ṣan án, màá fi ìka yẹ kọ́là rẹ̀ wò bóyá eruku pupa ti wọ inú òwú, màá sì lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó mú iná lọ. Tí kọ́là bá ti bó, mo máa ń tú u, màá yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, màá rán an padà. Àìmọye ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ará ni mo ti bá yí kọ́là rẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kì í sì í gbowó. Iṣẹ́ ìsìn ni lójú mi.

Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ibi tí nǹkan ti wá. Brigham Young tó kó àwọn èèyàn wa dé àfonífojì Salt Lake ní Amẹ́ríkà ní 1847 nírùngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ àwọn ààrẹ ìjọ tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ nírùngbọ̀n títí dórí George Albert Smith, tó kú ní 1951. David O. McKay tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní, kò sì tíì sí ààrẹ kankan tó dá irùngbọ̀n sí láti ìgbà náà wá. Nígbà tó fi máa di ọdún 1960 sókè, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwọ́de, tí àwọn kan nínú wọn sì ń lo oògùn olóró, ni wọ́n ń dá irùngbọ̀n sí, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí irun orí wọn gùn. Ní 1971, Dallin H. Oaks, tó jẹ́ olórí yunifásítì ìjọ, BYU, nígbà náà, tó sì di ààrẹ ìjọ ní 2025, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní aṣọ tó bo ara bó ṣe yẹ jẹ́ ohun ayérayé lójú Ọlọ́run, àmọ́ òfin irùngbọ̀n àti irun gígùn jẹ́ òfin àsìkò. Kò sí ibi kankan nínú irùngbọ̀n fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ìgbà náà kà á sí ló mú òfin wá.

Ta ló ń rí irùngbọ̀n ní Àkúrẹ́ tó ń rántí ìwọ́de Amẹ́ríkà? Níbí, tí irùngbọ̀n bá funfun lágbọ̀n ọkùnrin, a máa ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn ni. Irun dídì àti irun tí wọ́n pa láró ló lè kó ọmọkùnrin sí wàhálà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá lójú títì níbí. Tí a bá fẹ́ tẹ̀ lé ìdí tí Oaks sọ, ojú ìlú tiwa ló yẹ ká fi wò ó.

Ọ̀ràn ara tún wà níbẹ̀. Irun àwa dúdú máa ń ká kò. Tí abẹ bá fá a kanlẹ̀, orí irun náà á tẹ̀ padà wọnú awọ, kókó kéékèèké á sì yọ káàkiri àgbọ̀n àti ọrùn. Àwọn mìíràn á ṣọyún. Bó ṣe ń ṣe ẹ̀gbọ́n tó bi mí léèrè nìyẹn. Mo rí àgbọ̀n wọn lónìí, àánú wọn ṣe mí. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fá a, tí wọ́n ń fi sípírìtì pa á, nítorí wọ́n gbà pé ohun tí Ọlọ́run fẹ́ nìyẹn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé abẹ sílẹ̀. Ẹ ní kí onígbàjámọ̀ fi kílípà gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó mọ́ tónítóní, ó tán.” Àwọn òjíṣẹ́ ìhìnrere tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òfin tiwọn, wọ́n gbọ́dọ̀ fárùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé mímọ́ wa, kò síbi tí wọ́n ti ní kí olórí fá àgbọ̀n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì ló dùn mí jù lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa, tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, fara pamọ́ sẹ́yìn. Òun ló kàn láti bùkún búrẹ́dì. Mo ṣẹ́wọ́ sí i, ó mi orí. Mo rìn lọ bá a. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní funfun mọ́. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló jó o lánàá.” Ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ ló wọ̀, ó mọ́, ó ti lọ̀ ọ́, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ ló pé. Mo ní kó dìde, ó sì lọ kúnlẹ̀ ka àdúrà náà, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Lẹ́yìn ìsìn, bàbá kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé àwa olùdámọ̀ràn ti ń gba ìgbàkugbà láyè. Mo fi ọ̀wọ̀ dá bàbá lóhùn. Lóòótọ́, Jeffrey R. Holland, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àpọ́sítélì ìjọ nígbà náà, rọ̀ wá níbi ìpàdé àpapọ̀ oṣù kẹwàá 1995 pé kí àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ Olúwa wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì fi kún un pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ìwé ìlànà tí ìjọ tẹ̀ jáde ní 2010 náà dábàá ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ gbangba pé kò gbọ́dọ̀ di dandan kí ẹnì kan tó lè kópa, àti pé kò pọn dandan kí ìmúra gbogbo èèyàn bára mu. Ní 2020 pàápàá, ìjọ gbà kí àwọn òjíṣẹ́ ìhìnrere wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ láwọn agbègbè kan, kí wọ́n sì lè wà láìso táì. Ńṣe ni bàbá kàn mi orí, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. N kò rò pé wọ́n gbà.

Mo tún bi ara mí ní nǹkan kan lójú ọ̀nà ilé. Àwọn obìnrin wa ń ró ìró, wọ́n ń wọ bùbá, wọ́n ń wé gèlè wá sísìn, kò sẹ́ni tó ní aṣọ yẹn kò bọlá fún Ọlọ́run. Kí ló dé tí ọkùnrin tó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, tó ṣí fìlà, fi máa ń dà bí ẹni tí kò múra?

Títí di oṣù kẹfà 1978, ọkùnrin dúdú ò lè gba oyè-àlùfáà nínú ìjọ yìí, ìyẹn àṣẹ tí ọkùnrin fi ń bùkún búrẹ́dì àti omi oúnjẹ Olúwa. Anthony Obinna ti ń kọ lẹ́tà sí Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún láti Ìpínlẹ̀ Imo, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ṣèrìbọmi fún òun àtàwọn èèyàn òun. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n tó rì í bọmi, wọ́n sì fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìjọ ibẹ̀. Nígbà tí mo wọ tẹ́ńpìlì Aba, tí gbogbo wa wọ funfun láti òkè délẹ̀, tí n kò lè mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ ni mo ń rántí. Awọ ara ò dínà mọ́. Inú mi kò lè dùn sí i pé kí ṣẹ́ẹ̀tì kan tí áyọ́ọ̀nù jó wá dínà mọ́ ọmọ káfíńtà l'Ákùúrẹ́.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ wa di Ọjọ́bọ̀. Màá sọ fún bíṣọ́ọ̀bù pé kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí ẹni tí kò ní funfun wá pẹ̀lú èyí tó mọ́ jù lọ nínú aṣọ rẹ̀. Màá tún béèrè bóyá wọ́n á fara mọ́ bùbá àti ṣòkòtò funfun fún àwa ọkùnrin tó ń darí. Tí wọ́n bá gbà á, màá kọ́kọ́ rán ti bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn, kí àwọn bàbá lè rí i lọ́rùn olórí kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọdé. Ti ọmọ káfíńtà kò ní dúró de ìpàdé. Mo ti gé aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.