Mo rí Chevette lónìí

Sátidé, ọjọ́ 12, oṣù kẹwàá, 2024

Mo yà ra epo láàárọ̀ yìí lọ́nà Youngstown, ní Ohio níbí, ni mo bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kan lẹ́yìn mi. Kí n tó yíjú padà ni ara mi ti mọ̀ ọ́n. Chevette ni, ọkọ̀ kékeré tí iléeṣẹ́ Chevrolet ṣe! Àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo gíláàsì rẹ̀ pé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó máa ń ṣí sókè yẹn kò sì ní ihò ìpẹtà kankan. Mo fi ẹnu ẹ̀rọ epo sílẹ̀ nínú táńkì mi, mo lọ bá a bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ lọ́jà ìlú òkèèrè.

Ìyá òyìnbó kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ àwọn ló rà á ní tuntun ní 1980, àti pé bàbá náà kì í gbé e jáde nígbà òtútù títí wọ́n fi kú, nítorí iyọ̀. Ẹni tó bá ti gbé Ohio mọ ohun tí ìyá yìí ń sọ. Bí yìnyín bá ti bọ́, wọ́n á da iyọ̀ sójú títì kó lè yọ́. Iyọ̀ náà á lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀, á máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Mo ti jókòó nínú ọkọ̀ tí mo ń rí títì tó ń sáré lọ láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

1984 ni mo dé Amẹ́ríkà. Bọ̀dá mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, fi Chevette wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú Cleveland. 900 dọ́là ni wọ́n rà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Owó ilé kì í wọlé déédéé mọ́ nígbà náà, àwọn tí ìjọba rán wá gan-an ń fi gààrí sùn. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún, àwa márùn-ún ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Òun ló gbé ìyàwó Bọ̀dá lọ bímọ, òun náà ló gbé ìyá àtọmọ bọ̀, tèmi ti ìkòkò ọbẹ̀ lórí itan mi lẹ́yìn.

Láàárọ̀ òtútù, Bọ̀dá kì í yí kọ́kọ́rọ́ tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ iná lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, kí wọ́n tó yí i. Bí o bá fi ìkánjú tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, epo á bo kábúrétọ̀, ẹ óò jọ dúró síbẹ̀ ni. Á kọ̀ díẹ̀, á húkọ́, á wá mú un. Ìró tí mo gbọ́ láàárọ̀ yìí nìyẹn.

Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọkọ̀ kékeré kún tẹ́lẹ̀. Volkswagen àti àwọn ará Japan ló ń kó oníbàárà wọn lọ tí wọ́n fi jí. Iléeṣẹ́ AMC gbé ọkọ̀ kékeré tiwọn, Gremlin, jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, 1970, Vega ti Chevrolet àti Pinto ti Ford sì tẹ̀ lé e nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kọ̀, wọn ò ta epo fún Amẹ́ríkà mọ́. Láàárín oṣù díẹ̀, àgbá epo rọ̀bì kan kúrò ní nǹkan bíi dọ́là 3, ó sún mọ́ 12, ọkọ̀ sì tò lọ bẹẹrẹbẹ nílé epo. Ìparí 1975 ni Chevette dé. Nígbà tí epo tún wọ́n lẹ́yìn rògbòdìyàn Iran, kò sí ọkọ̀ kékeré tó tà tó o ní Amẹ́ríkà ní 1979 àti 1980. Wọ́n ṣe é títí di ìparí 1986, èyí tí wọ́n ṣe sì lé ní mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀.

Níbo ni gbogbo wọn wá wọlẹ̀ sí?

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo ọkọ̀ ìgbà yẹn ló dára. Ibi tí wọ́n fi táńkì Pinto sí lẹ́yìn mú kí iná jó èèyàn, Ford sì pe mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ padà ní 1978 láti tún un ṣe. Vega tí wọ́n ń ṣe ní Lordstown, tí kò jìnnà sí ibi tí mo ti ra epo lónìí, ìpẹtà tètè mú un, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì máa ń gbóná jù. Àmọ́ ìtàn àwọn wọ̀nyẹn ti bo àwọn tó fi òótọ́ ṣiṣẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ń dùn mí. Mustang, ọkọ̀ fàájì Ford, wọ́n ń fi aṣọ bò ó. Ọkọ́ tí a fi ń roko, ta ló ń gbé e kọ́ sí pálọ̀? Bí mẹkáníìkì bá ti pe 400 dọ́là, tí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sì tó 300 mọ́, ó di ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọkọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa ṣe lọ ní 1991, lẹ́yìn tí Bọ̀dá fi í sílẹ̀ fún mi tí wọ́n padà sílé. Èmi fúnra mi ni mo wà á débẹ̀. Ọkùnrin náà ka 50 dọ́là sí mi lọ́wọ́, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Ìyá náà ní kí n wọlé jókòó. Wọ́n mú ìwé kékeré kan jáde nínú àpótí iwájú. Gbogbo ìgbà tí bàbá pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ rẹ̀ síbẹ̀, lẹ́tà kéékèèké, tó gún régé. Láàárín ojú ìwé kan, pẹ́ńsùlù dúró, bírò búlúù sì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ìyá nìyẹn. Wọn ò fo ọdún kan.

Mo tọrọ àyè kí n fi fóònù gba ìró ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀. Wọ́n pa á. Wọ́n tẹ iná lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n yí i.

Nígbà tí mo délé, mo pe Bọ̀dá ní Ìbàdàn. Mi ò ṣàlàyé kankan. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ gbọ́ nǹkan kan," mo sì gbé e sẹ́nu fóònù. Nígbà tó tán, wọn ò fọhùn. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já.

"Ẹ̀ ń gbọ́ mi, sà?"

"Mò ń gbọ́ ẹ," ni wọ́n wí. "Tún un fi sí i."