Ẹ gbójú sókè: bá a ṣe fẹsẹ̀ rin Pópó Àgùdà l'Ékòó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé Balógun ni mo ti ń rajà láti kékeré. Ọwọ́ màmá mi ni mo máa ń dì mú, wọ́n á máa sọ fún mi pé "wolẹ̀ o, wolẹ̀", torí kòtò, torí omi ìdọ̀tí, torí àwọn alábàárù tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú báálì aṣọ lórí tí wọ́n ń pariwo "àgò, àgò". Ìwolẹ̀ yẹn náà ni mo bá dàgbà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gba Tinúubú kọjá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ bí òkè ilé kan ṣoṣo níbẹ̀ ṣe rí, mi ò lè sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí amọ̀nà wa sọ ní Sátidé tó kọjá, nígbà tá a lọ fẹsẹ̀ rin Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà wálé, fi wọ̀ mí lára gan an. A tó bíi méjìlá, a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Marina, aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, ọjà ò tíì kún. Ọkùnrin yẹn, ọmọ Èkó pọ́ńbélé tí wọ́n bí sí àdúgbò Campos, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má wolẹ̀ lónìí. Ẹ gbójú sókè. Èmi á máa bá yín wolẹ̀." Òótọ́ ló sì ṣe é, gbogbo ibi tí kòtò wà, á ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa, á na ọwọ́, á ní "ẹ sún síbí".

Marina tá a dúró sí yẹn, etí omi gan an ni nígbà kan. Mo ti gbọ́ ọ rí, àmọ́ ìgbà tó ní ká kọjú sí ọ̀nà márosẹ̀, ká fojú inú yọ bíríìjì àti gbogbo mọ́tò yẹn kúrò, ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí láwọn ọdún 1970 ni ọ̀nà ńlá tó wà láàárín wa àti ọ̀sà báyìí. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn ilé ẹ̀ ní Marina láàárọ̀, omi ló máa kọ́kọ́ kí i. Omi yẹn làwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé ní ìparí ọdún 1851 tí wọ́n rọ̀jò ìbọn lé ìlú lórí títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá, tí Akítóyè fi padà sórí oyè, ọdún mẹ́wàá ò sì tíì pé tán tí Dòsùmú ọmọ Akítóyè fi tọwọ́ bọ̀wé, ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, tí Èkó di ti ọbabìnrin òyìnbó. Omi yẹn náà sì làwọn Àgùdà gbà padà wálé. Ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ Àgùdà yìí ni mo sún mọ́ ọn dáadáa, torí ohun tí mo bá wá gan an nìyẹn.

(Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn fúnra ẹ̀, ọdún 1924 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ó di 1946 kí wọ́n tó parí ẹ̀. Ó rẹwà, àmọ́ ọ̀pọ̀ yín ló ti lọ jẹ ìgbéyàwó níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ.)

Tá a bá ní "ìjọ Àgùdà" lónìí, Kátólíìkì la ní lọ́kàn, a ti gbàgbé pé èèyàn ló kọ́kọ́ ń jẹ́ Àgùdà. Ọmọ wa ni wọ́n, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ẹ̀gbá, tí ogun kó, tí wọ́n tà sí Bàhíà ní Brazil, tí wọ́n ta àwọn míì sí Kúbà. Àwọn kan ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ra ara wọn padà. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí tó wà nínú wọn dìtẹ̀ ní Bàhíà lọ́dún 1835, ojú àwọn èèyàn dúdú rí màbo níbẹ̀, ìjọba lé àwọn kan, àwọn míì fúnra wọn sanwó ọkọ̀, ló bá di ká máa bọ̀ nílé, àwọn kan sọ̀ sí Èkó, àwọn kan sọ̀ sí Àgbádárìgì, àwọn kan Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún kí wọ́n tó dé, Tòkunbọ̀ nìyẹn, àdúgbò yẹn sì ní ọ̀nà kan tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀ títí dòní. Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ fún awakọ̀ pé "Tòkunbọ̀ wà o", mi ò bi ara mi rí pé ta ló tòkun bọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó bọ̀, ní pàtàkì iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n sì fi kọ́ Èkó.

Kakawa la ti kọ́kọ́ gbójú sókè gidi. Ilé tí wọ́n ń pè ní Ilé Omi wà níbẹ̀. João Esan da Rocha ló kọ́ ọ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n mú lẹ́rú lọ sí Brazil nígbà tó ṣì kéré, tó wá padà dé pẹ̀lú ìdílé ẹ̀. Kànga tí wọ́n gbẹ́ sínú ọgbà ilé yẹn ni wọ́n fi ń ta omi fáwọn ará Èkó nígbà tí omi ẹ̀rọ ò tíì délé dóko. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rò ó wò. Wọ́n gbé ọmọdé kọjá lórí òkun, ó dàgbà sọ́hùn-ún, ó padà wálé, ó wá ń ta omi, ilé ẹ̀ náà wá ń jẹ́ Omi. Ìyáàfin kan wà láàárín wa, Ìjẹ̀ṣà lòun náà, kò sọ̀rọ̀ látàárọ̀, bó ṣe gbọ́ "ọmọ Ìjẹ̀ṣà" báyìí ni omi lé ròrò sójú ẹ̀. A dúró tì í títí ó fi fi gèlè nujú tán, kò sẹ́ni tó bi í léèrè nǹkan kan.

Ní Tinúubú, ère Ẹfúnróyè Tinúubú wà níbẹ̀, amọ̀nà wa ò sì fi ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn pamọ́ rárá. Ó sọ bó ṣe lágbára tó láàfin, bí wọ́n ṣe lé e kúrò l'Ékòó lọ́dún 1856 tó lọ di Ìyálóde l'Ábẹ́òkúta, ó sì sọ pé ó ta ẹrú. Mo fẹ́ràn pé ó sọ méjèèjì. Èèyàn ló ta èèyàn tó wá di Àgùdà, a ò lè máa kọrin ilé àwọn tó padà dé ká wá dákẹ́ lórí ẹni tó rán wọn lọ.

Ibẹ̀ náà la ti dé ibi tó dùn mí jù. Ó yọ fọ́tò kan jáde látinú báàgì, fọ́tò ńlá tó ti fi nylon bò torí òjò, ó gbé e sókè síwájú ara ẹ̀, ó sún díẹ̀ sápá òsì, ó sún sẹ́yìn, títí fọ́tò yẹn fi bá àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mu. Nínú fọ́tò yẹn, pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan wà, ó ní àwọn ẹnu ọ̀nà tó rí róbótó lókè bí òṣùmàrè, ó ní fèrèsé gígùn. Lẹ́yìn fọ́tò yẹn, níbi tó yẹ kí ilé náà wà, kò sí i mọ́. Ilojo Bar nìyẹn. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ lọ́dún 1855, ìdílé Ọláìyá rà á lọ́dún 1933, wọ́n kà á mọ́ àwọn ilé ìtàn tí gbogbo Nàìjíríà gbọ́dọ̀ dáàbò bò lọ́dún 1956. Ọjọ́ Sunday kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni katapílà dé. Mọ́kànlélọ́gọ́jọ ọdún ló fi dúró o, kò gba katapílà ní ọ̀sẹ̀ kan.

Mo wà l'Ékòó lọ́dún 2016. Mo rántí pé mo lọ ra léèsì fún ìgbéyàwó àbúrò mi lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, ibẹ̀ ni mo gbà. Mi ò rí i pé nǹkan kan ti lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára mi di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

A lọ sí Martins Street. Àwọn bọ̀ìsì àdúgbò dá wa dúró, wọ́n ní ká sanwó kámẹ́rà, amọ̀nà wa bá fa olórí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í pé ọmọ agboolé wo ni, bí wọ́n ṣe ń tú ìdílé síra wọn nìyẹn, kò pẹ́ tí bọ̀ìsì yẹn fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọ̀kadà kúrò lọ́nà fún wa. Mọ́sálásí Shitta-Bey ló gbé wa wá wò. Mohammed Shitta, tí wọ́n bí sí Sàró (Sierra Leone), ló náwó sí i, wọ́n sì ṣí i lọ́jọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894. Ọba Ọyẹ́kàn wá, gómìnà òyìnbó wá, Súlútáánì ilẹ̀ Tọ́kì fi oyè Bey ránṣẹ́, bí Shitta ṣe di Shitta-Bey nìyẹn. Ẹni tó kọ́ ọ, João Baptista da Costa, Àgùdà ni, òun àti Sanusi Aka. Ẹ wo iwájú ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ọwọ́ Bàhíà níbẹ̀, nínú bí wọ́n ṣe ká sìmẹ́ńtì lókè bí etí gèlè. Mùsùlùmí Sàró ní owó, Àgùdà ní ọwọ́. Mo ti rà tó ọgọ́rùn-ún yáàdì aṣọ láyìíká ibẹ̀ láyé mi, mi ò rí i rí.

Freedom Park, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n Broad Street ló jẹ́ láti ọdún 1882, Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Awólọ́wọ̀ náà dé ibẹ̀, ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i bíi ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n fi àmì sílẹ̀ níbi tí yàrá ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan wà. Mo dúró sínú ọ̀kan, mo na apá méjèèjì, díẹ̀ ló kù kí n kan ògiri. Mo jáde kíá.

Campos àti Bámgbóṣé ló kù, oòrùn ti mú nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ti ń dùn wá, àmọ́ ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ilé tó kù níbẹ̀ ò ní orúkọ ńlá. Orúkọ àwọn tó ń gbénú wọn ló tóbi, da Silva, Pereira, Cardoso. Amọ̀nà wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá àgbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí, ó ní "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, Ìyá Àgbà", màmá ní "Ọmọ mi, o tún ti kó wọn dé." Wọ́n jẹ́ ká wo fèrèsé ilé wọn, fèrèsé onípákó, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò léra bí ìhà ẹja. Òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe wà lára férémù ilẹ̀kùn, kò ga, ọwọ́ mi tó o. Ewé márùn-ún ló ní, ọ̀kan fẹ̀ ju ìyókù lọ. Mo fi àtàǹpàkò mi sínú ewé tó fẹ̀ yẹn, ó wọ̀ ọ́ géérégé. Àtàǹpàkò bíríkìlà ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó gbẹ. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi ní kí n jẹ́ kí ẹlòmíì náà wò ó.

Màmá sọ̀rọ̀ fréjọ̀n fún wa, oúnjẹ Good Friday, tí wọ́n máa ń se ẹ̀wà títí á fi rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á da omi àgbọn sí i pẹ̀lú ṣúgà, wọ́n á máa rò ó lórí iná títí á fi ki, ọbẹ̀ ẹja díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní àwọn tó ń fi omi àgbọn inú agolo sè é báyìí, oúnjẹ míì ni wọ́n ń sè. Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ Ọdún Àjíǹde. Mo máa lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ẹ gbé omi dání, ẹ tètè débẹ̀ kí ọjà tó kún, ẹ má sì lọ láìsí ọmọ àdúgbò tó máa mú yín lọ.

Nígbà tí mo délé lálẹ́, mo pe màmá mi. Mo ní Mọ́mì, ṣé ẹ rántí pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Tinúubú, tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ rí róbótó? Wọ́n ní báwo ni àwọn ò ṣe ní rántí, pé abẹ́ ẹ̀ làwọn sá òjò sí lọ́jọ́ táwọn kọ́kọ́ gbé mi lọ sí Balógun, pé mo ń sunkún, àwọn bá gbé mi sókè pé kí n wo òkè, kí n wo bí òjò ṣe ń ṣàn lára ilé náà, mo wò ó, mo dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ṣé wọ́n ti tún un kùn ni?"