Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ lára ikọ̀ rọ́gbì líìgì Cook Islands

Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ fẹ́ máa bójú tó ikọ̀ orílẹ̀-èdè kékeré, orí tábìlì niṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí pápá. Ẹ wo Cook Islands nínú rọ́gbì líìgì, ìyẹn rọ́gbì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá: Kukis ni wọ́n ń pe ikọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, Aitu ni wọ́n wá ń pè é báyìí. Erékùṣù 15 nínú òkun Pacific ni orílẹ̀-èdè náà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bí 15,000 lọ. Àmọ́ nígbà tí New Zealand ka àwọn èèyàn rẹ̀ ní 2018, àwọn tó lé ní 80,000 ló ní ọmọ Cook Islands làwọn. Auckland, Sydney àti àríwá England ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn wà. Ká wá wọn rí, ká sì fi ìwé gbè é lẹ́sẹ̀ pé ọmọ ilé ni wọ́n, ìyẹn gan-an niṣẹ́.

Òfin gbà kí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, tàbí ẹni tí òbí rẹ̀, tàbí òbí òbí rẹ̀, ti ibẹ̀ wá, gbá bọ́ọ̀lù fún un. Ibi tí àwọn tuntun ti máa ń kọsẹ̀ nìyí: páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ New Zealand ni ọmọ Cook Islands lábẹ́ òfin, páásípọ́ọ̀tù New Zealand ni gbogbo wọn ń mú rìn, kò sì lè fi hàn pé Rarotonga tàbí Aitutaki, méjì lára àwọn erékùṣù náà, ni ìdílé ẹnì kan ti ṣẹ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí mẹ́ta tó so kọ́ra lẹ máa wá: ti agbábọ́ọ̀lù, tó ní orúkọ òbí rẹ̀, ti òbí yẹn, tó ní orúkọ òbí tirẹ̀, àti ti bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí wọ́n bí sí erékùṣù. Bí ìyá tàbí ìyá àgbà bá ti yí orúkọ padà nílé ọkọ, ìwé ìgbéyàwó di ìkẹrin. Ẹ ṣọ́ bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà pẹ̀lú: ọ́fíìsì kan á fi àmì sórí lẹ́tà, èkejì á yọ ọ́ kúrò, ẹni tó ń yẹ ìwé wò á sì ní èèyàn méjì ni.

Wọ́n tún ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní 'angai, kí mọ̀lẹ́bí gba ọmọ tọ́ bí ọmọ tirẹ̀. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa tí gbogbo àgbà ilé ń jẹ́ bàbá fún wa. Nítorí náà, ẹ má bi ọmọkùnrin náà pé ta ni bàbá àgbà ẹ. Ẹ bi ìyá àgbà tó wà nílé pé ta ló bí ta, kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Oṣù mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìwé nìkan.

Ọjọ́ náà tún máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ìlà ọjọ́ àgbáyé wà láàárín Auckland àti Rarotonga. Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní Auckland lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ní Rarotonga, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà. Ọjọ́ Ẹtì tiwọn sì jẹ́ Àbámẹ́ta ní Auckland. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ ní lọ́sẹ̀ tí ọ́fíìsì méjèèjì jọ ṣí. Ọkọ̀ òfuurufú bíi wákàtí mẹ́rin ni, àmọ́ ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Rarotonga lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ló máa balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì sí ọjọ́ tí kò tọ́ kẹ́ ẹ tó gbọ́n.

Òfin tún fàyè gba ẹni tó ti gbá fún New Zealand, Australia tàbí England láti lọ gbá fún orílẹ̀-èdè kékeré tó tọ́ sí i. Kevin Iro gbá fún New Zealand, ó sì gbá fún Cook Islands ní Ife Àgbáyé 2000. Ní 2017, Jason Taumalolo fi New Zealand sílẹ̀ lọ sí Tonga, Tonga sì na New Zealand 28-22 ní Hamilton. Bí wọ́n ṣe lè wá náà ni wọ́n lè lọ. Ẹ kọ orúkọ méjì sí ipò kọ̀ọ̀kan.

Ipò wo lẹ máa kọ́kọ́ pè lórí fóònù? Ẹni tó ń wọ nọ́ńbà 9, lẹ́yìn náà 7, lẹ́yìn náà 6, àwọn mẹ́ta tó ń darí bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ Pacific tó tóbi tó lè gbá prop, ìyẹn géńdé iwájú tó ń fi agbára gbé bọ́ọ̀lù wọlé, tó sì yára tó lè gbá ẹ̀gbẹ́, pọ̀ dáadáa. Àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù ló wọ́n. Ìgbélulẹ̀ mẹ́fà péré, ìyẹn kí alátakò gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù lulẹ̀, ni ikọ̀ ní kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, 9 ló ń gbé e nílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìkarùn-ún 7 ló sábà máa ń ta á. Bí ẹsẹ̀ yẹn kò bá dáa, ẹ̀yìn yín ni àwọn prop yín á máa sáré padà sí títí wọn á fi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ní láti fi kọ́ ikọ̀ náà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, dókítà àti ìrìn wẹ́rẹ́, torí ara ṣì ń ro wọ́n láti kíláàbù. Ọjọ́ mẹ́ta, ìdábòbò nìkan: ta ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ta ló tẹ̀lé e, báwo ni gbogbo wọn ṣe máa padà sẹ́yìn mítà 10 pa pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, ìkọlù, àrà mẹ́rin péré lápá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù, ìsinmi àti ìdánrawò ogójì ìṣẹ́jú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá kó àrà ọgbọ̀n wá láti kíláàbù rẹ̀ ti fi ìkọlù yín ṣòfò. Lẹ́yìn ìsinmi ìlàjì, tó bá ti rẹ̀ wọ́n, olúkúlùkù á padà sí ti kíláàbù tirẹ̀.

Ní Ife Àgbáyé 2013, Cook Islands pàdánù sọ́wọ́ Amẹ́ríkà 32-20, Tonga na wọ́n 22-16, wọ́n wá na Wales 28-24 ní Neath. Lójú tiwa, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti jọ wà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní 2022, ó yí padà. Wọ́n na Wales 18-12 ní 19 oṣù kẹwàá, Papua New Guinea na wọ́n 32-16 ní ọjọ́ 25, Tonga sì na wọ́n 92-10 ní ọjọ́ 30. Èèyàn 24 lẹ kó wá, 17 ló ń kópa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, 13 lórí pápá, mẹ́rin lórí ìjókòó. Bí prop méjì bá fara pa, ẹ ti ń fi ẹlòmíì dí àlàfo. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣètò, kẹ́ ẹ wá padà síwájú. Nínú ìpààrọ̀ mẹ́jọ, ẹ lo mẹ́ta ní ìlàjì àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ yọ prop lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 sí 25, kí ọ̀kan sì ṣẹ́ kù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn.

Ní 2000, Cook Islands àti Lebanon parí sí 22-22 ní Cardiff. Ayò ẹyọ kan, drop goal kan, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sílẹ̀ tí wọ́n sì ta gba àárín òpó, ló máa ń ya irú èyí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì: ta ló máa ta á, ta ló máa ta á bí ẹni yẹn bá ti jókòó, ìgbélulẹ̀ kẹrin ní iwájú òpó, bíi mítà 20, 9 á jù ú sẹ́yìn sí i.