Ojú Ìsopọ̀ Ni Iṣẹ́ Wà: Bí Mo Ṣe To Bátìrì Lithium Nínú Ilé Mi

Sípánà nọ́ńbà 10 kan wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù nù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jẹ, bí ìgbà tí eku bá gé búrẹ́dì. Ọwọ́ mi ló ti bọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ó já lé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ó kan orí pọ́sítíìfù, ó kan orí nẹ́gétíìfù. Pàà! Iná bù yẹ̀rì, òórùn irin tó jó gba gbogbo pálọ̀, sípánà ta dànù sábẹ́ àga. Ìyá ọkọ mi ké láti inú yàrá pé, "Ìyá Tòmíwá, kí ló dún yẹn?" Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Màmá." Irọ́ ni mo pa. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n.

Fóltì 3.3 péré ni sẹ́ẹ̀lì yẹn o. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi náà ni mo sì máa ń sọ fún wọn pé iná fóltì kékeré kì í gbé èèyàn. Lóòótọ́, kò gbé mi. Ohun tí mi ò fi sọ́kàn ni pé ohun tó ń dí iná lọ́wọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ńlá báyìí kéré gan-an. Irin kékeré tó bá so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpù ló fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi téèpù dúdú we gbogbo sípánà mi láti ìdí dé ọrùn, ó ku ẹnu nìkan. Kí n tó ṣí ìdérí bátìrì, òrùka ìgbéyàwó mi á ti wà nínú abọ́ lórí fíríìjì.

Ohun tó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí kò ju ti gbogbo ará Ìbàdàn lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni jẹnẹrétọ̀ wa ti di ohun tí à ń fi aṣọ bò. Bátìrì olómi méjì tí ínfátà wa ń lò ti gbó. À ń bu omi sí wọn bí ẹni ń bu omi fún adìyẹ, síbẹ̀ wákàtí méjì ni iná wọn máa ń lò kó tó kú. Mo béèrè iye tí wọ́n ń ta bátìrì lithium tí wọ́n ti tò tán. Wọ́n dá mi lóhùn, mo dúpẹ́, mo padà sílé.

Ká má parọ́, nǹkan mìíràn ni mo kọ́kọ́ dán wò. Mo lọ ń ṣa bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti kú, mo ń tú wọn, mo ń yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì roboto inú wọn tí wọ́n ń pè ní 18650, ìyẹn ni pé ìbú wọn jẹ́ mílímítà 18, gígùn wọn 65. Mo ṣa tó ọgọ́fà, ìwọ̀n díẹ̀ nínú wọn ló bá ara wọn mu. Mo fi áyọ́ọ̀nù ìjórin jó wáyà mọ́ wọn, ooru sì ba àwọn kan jẹ́. Nígbà tí ọ̀kan ṣàdédé gbóná lórí tábìlì láì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, mo gbé gbogbo rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mi ò ní kí ẹlòmíràn má ṣe é o, àmọ́ tí ọmọdé àti àgbàlagbà bá wà nínú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀yà tí mo padà lò ni LiFePO4, èyí tí irin àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Kò tètè gbiná bíi ti láptọ́ọ̀pù, ó sì ń pẹ́ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Goodenough àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas ní Austin ló gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1997. Nígbà tí wọ́n fún bàbá náà ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ bátìrì lithium-ion ní 2019, ẹni ọdún 97 ni. Òun ni mo máa ń fi dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn tó bá ní òun ti dàgbà kọjá físíìsì.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú bírò. Fáànù mẹ́ta, wáàtì 60 níkọ̀ọ̀kan, wákàtí 8: wáàtì-wákàtí 1,440. Fíríìjì wa, bí 1,200 lójúmọ́. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 80 fún wákàtí 5: 400. Gílóòbù 8, wáàtì 9 níkọ̀ọ̀kan, wákàtí 5: 360. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,400. Ínfátà fúnra rẹ̀ máa jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí bátìrì máa gbẹ tán pátápátá, nítorí náà ohun tí mo nílò sún mọ́ 4,700. Sẹ́ẹ̀lì 8 tí wọ́n kọ 280 Ah sí (ìyẹn ámpù 280 fún wákàtí kan), tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 3.2, tí a bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, á fún wa ní fóltì 25.6, àpapọ̀ rẹ̀ á sì tó 7,168. Ó ju ohun tí mo nílò lọ, mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa mọ̀ pé NẸ́PÀ lè lọ ní Ọjọ́bọ̀ kó má dé títí di ọjọ́ Àìkú.

Oníṣòwò kan ní Èkó ló ta àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fún mi. Ó ní tuntun ni gbogbo wọn. Wọ́n ń dán lóòótọ́, aláwọ̀ búlúù, mo sì fi mítà wọ̀n wọ́n lójú rẹ̀, gbogbo wọn ń fi fóltì 3.29 tàbí 3.30 hàn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe bí ọmọdé. Fóltì irú sẹ́ẹ̀lì yìí kì í yí padà púpọ̀ láti ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó kún títí dé ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó tán, nítorí náà fóltì nìkan kò lè sọ bóyá sẹ́ẹ̀lì lágbára tàbí ó ti gbó. Èyí tó ti gbó náà á fi 3.30 hàn yín, á tún rẹ́rìn-ín sí yín.

Ohun tó ń tú àṣírí ni kí ẹ kún un tán, kí ẹ sì fa á gbẹ, kí ẹ ka iye tó jáde. Mo rí ẹ̀rọ kékeré kan yá tó lè fa ámpù 20. Sẹ́ẹ̀lì kan ń gbà tó wákàtí 14. Alẹ́ mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, mò ń kọ iye tó jáde sí ara sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkà. Méje nínú wọn fún mi ní láàárín Ah 274 sí 281. Ẹ̀kẹjọ fún mi ní 231. Tí ẹ bá to mẹ́jọ tẹ̀lé ara wọn, èyí tó fún yín ní 231 ló máa pinnu fún gbogbo wọn, nítorí bó bá ti gbẹ, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dúró. Mo gbé e padà lọ sí Èkó. A jà, a parí ìjà, ó fún mi ní òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni mímú wọn dọ́gba. Mo kọ́kọ́ to àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú BMS, ìyẹn pátákó ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bátìrì, mo gba iná sí wọn títí tí èyí tó kọ́kọ́ kún fi ní ó tó. Mo wá tú wọn, mo so gbogbo orí pọ́sítíìfù pọ̀ mọ́ra, mo so gbogbo nẹ́gétíìfù náà pọ̀, mo sì gbé ẹ̀rọ tó ń fúnni ní iná tí a lè díwọ̀n sí i. Ẹ yí ẹ̀rọ yẹn sí 3.65 kí wáyà rẹ̀ tó kan sẹ́ẹ̀lì kankan, kí ẹ má sì tún fọwọ́ kan ohun tí a fi ń yí fóltì rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá ń wò ó pé kò lọ sókè, tí ẹ wá yí i sókè díẹ̀ kó lè yá, ẹ ti ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ nìyẹn. Ámpù 10 ló fi bẹ̀rẹ̀; nígbà tó fi máa bọ́ sí abẹ́ ámpù 1, ọjọ́ méjì ti lọ, nítorí NẸ́PÀ ń mú un, ó ń fi í sílẹ̀. Mi ò kúrò nílé. Ọkọ mi wò mí, ó ní, "Ṣé ìkókó lẹ̀ ń tọ́ ni?"

Àpótí pákó, rọ́bà tín-ínrín láàárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì kí ara wọn má baà kan ara wọn, pákó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì: káfíńtà bá mi ṣe ìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Àbúrò ọkọ mi jẹ́ oníwáyà, Bọ̀dá Kékeré ni mò ń pè é. Òun ló bá mi fa àwọn wáyà tíńtìntín mẹ́sàn-án tó ń ti orí sẹ́ẹ̀lì lọ sínú BMS. Ó fẹ́ ti ẹnu wọn bọ inú BMS. Mo ní, "Bọ̀dá Kékeré, ẹ dúró ná." Mo fi ẹnu mítà kan sórí wáyà àkọ́kọ́, mo ń fi ìkejì tẹ̀lé àwọn yòókù: 3.3, 6.6, 9.9, 13.2, 19.8. Mo tún un wọ̀n. 19.8. Èyí tó tẹ̀lé e wá fi 16.5 hàn. Ó ti fi wáyà sẹ́ẹ̀lì karùn-ún sí ipò ti ẹ̀kẹfà. Ká ní ó ti tì í bọ̀ ọ́, èéfín ni BMS á fi kí wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ kàwé." Èmi náà ti sun ọ̀kan jó rí nídìí àwọn sẹ́ẹ̀lì láptọ́ọ̀pù, mi ò kàn sọ fún un ni.

Gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Iná tàn. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wàhálà fi dé: bátìrì kì í kún mọ́. Lórí fóònù tí mo fi ń wo BMS, sẹ́ẹ̀lì karùn-ún á ti sáré dé òkè ṣáájú àwọn yòókù, BMS á sì ti iná pa. Tí a bá tún ń lo iná, karùn-ún yìí kan náà ló máa ń wà nísàlẹ̀ jù. Karùn-ún sì ni èyí tí oníṣòwò yẹn fi rọ́pò. Mo pè é lórí fóònù, mo sọ ọ̀rọ̀ sí i tí mi ò lè kọ síbí.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn kò tọ́ sí i rárá. Ohun tó yẹ kí n kíyè sí ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó kì í sábà ṣe báyìí: tí iná bá ń wọlé, ó lọ sókè, tí iná bá ń jáde, ó lọ sísàlẹ̀, tí a bá sì pa ohun gbogbo, ó bá àwọn yòókù dọ́gba láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ojú ìsopọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé kẹ́tùrù wáàtì 1,500 kaná kí iná tó ń jáde lè tó ámpù 65, mo gbé mítà sí mílífóltì, mo wá ń fi ẹnu rẹ̀ kan orí sẹ́ẹ̀lì kan dé orí èyí tó tẹ̀lé e, lórí irin pẹlẹbẹ tó so wọ́n pọ̀. 5. 4. 6. Láàárín ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún: 110. Ẹ fi ámpù 65 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì 7 ló ń di ooru lábẹ́ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Mo fi ẹ̀yìn ìka kàn án, mo yọ ọ́ kíá.

Mo pa gbogbo iná, mo tú nọ́ọ̀tì náà. Abẹ́ irin pẹlẹbẹ yẹn, ìdajì rẹ̀ ń dán, ìdajì kejì ti pọ́n bí àgbàdo sísun. Àjákù ọ̀rá búlúù kan tó wé ara sẹ́ẹ̀lì, kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, ló sá wọ abẹ́ rẹ̀. Mo sì rántí alẹ́ tí mo dì í: aago méjìlá ti kọjá, oorun ń kùn mí, ojú mẹ́fà ni mo fi sáńpépà kíkúnná ha kí n tó di nọ́ọ̀tì wọn, mo wá dákẹ́ lórí èyí. Álúmíníọ́ọ̀mù ni orí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Afẹ́fẹ́ máa ń fi awọ tín-ínrín bò ó, iná kì í fẹ́ràn àtigba inú awọ yẹn kọjá. Ẹ ha á, ẹ fi òwú tútù nínú sípíríìtì nù ún, ẹ gbé irin lé e lójú ẹsẹ̀, ẹ dì í. Sípánà tó ń wọn agbára ni kí ẹ fi dì í, èmi ò kọjá 5 Nm. Tí ẹ bá gbé e fún mẹ́káníìkì tó ń di táyà trélà, eyín inú rẹ̀ á já, sẹ́ẹ̀lì sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn tí mo ṣe é, mo tún wọ̀n ọ́n: 4.

Mo pe oníṣòwò náà padà, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò burú, Àǹtí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì tutù.

Àwọn nǹkan yòókù kò gbà mí lákòókò. BMS mi jẹ́ ti ámpù 150, nítorí tí ínfátà bá ń fa wáàtì 2,000, ámpù tó ń jáde á lé ní 80. Fíúsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí pọ́sítíìfù gan-an, irú tí wọ́n ń pè ní Class T, nítorí fíúsì ọkọ̀ lásán lè máà lè já iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ so ínfátà mọ́ ọn, ẹ fi gílóòbù trélà fóltì 24 kan sáàárín fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó má baà tàn yòò lójú yín. Ẹ wọ inú ínfátà lọ, ẹ yí i kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí fún bátìrì olómi: tèmi, fóltì 28.4 ló fi ń kún un, 27 ló fi ń dì í mú, 24 ló fi ń pa á. Èyí tí wọ́n ń pè ní equalization, ẹ pa á pátápátá, bátìrì olómi ló wà fún.

Lẹ́yìn ìdérí àpótí náà ni mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ iye mílífóltì ojú méje náà àti ọjọ́ tí mo wọ̀n wọ́n. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń gbé kẹ́tùrù kaná tí mo sì ń wọ̀n wọ́n. Oṣù tó kọjá, èyí tó wà láàárín ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta ti di 9. Mo ti ra sáńpépà, ó wà lórí fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ òrùka.