Àpò Ṣòkòtò Mi Kò Gba Gbogbo Ìbọn

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá.

N kò tíì ra ìbọn ìléwọ́ tí mo fẹ́ máa gbé sínú àpò, àmọ́ lónìí mo mọ èyí tí n kò ní rà. Èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn ni, èyí tí ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní Houston yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń nawọ́ sí.

Ẹni tó ti ń ka àkọsílẹ̀ mi tipẹ́ mọ̀ pé oúnjẹ ilé wa ni mò ń tà: ẹ̀lùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí, panla, epo pupa. Alẹ́ ni mò ń ti ṣọ́ọ̀bù, owó ọjọ́ náà sì máa ń wà lára mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti na ìbọn sí aládùúgbò wa níbi ìgbọ́kọ̀sí, tí wọ́n gba owó àti fóònù rẹ̀ lọ, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ló ní kí n máa gbé owó lọ sí báńkì lọ́sàn-án. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ á ṣú náà ni, ẹnìkan ló sì máa ti ilẹ̀kùn.

Ìbàdàn ni mo dàgbà sí. Ìbọn tí mo mọ̀ nílé ni ti ọdẹ, ṣakabùlà gígùn tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, tí ojú á ti rí lókèèrè kó tó rí ẹni tó gbé e. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i, nítorí náà ọwọ́ ọlọ́pàá àti ọwọ́ olè la ti ń rí i. Èmi wá dé Amẹ́ríkà, mo wá di bàbá ọlọ́mọ tó ń wọn ìbọn mọ́ àpò ṣòkòtò bí ẹni ń wọn bàtà. Nǹkan méjèèjì kò jọra rárá. Ti ọdẹ ń kéde ara rẹ̀, tibí yìí ń sá pamọ́. Ìsápamọ́ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ìbọn kan, Henry Deringer, ti ń rọ ìbọn tó ń wọ àpò ní Philadelphia ní bí ọdún 150 sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni John Wilkes Booth fi pa Ààrẹ Lincoln ní 1865. Ohun tó ṣeé fi pamọ́ fún èmi tí mo fẹ́ délé láyọ̀ ṣeé fi pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ pààyàn. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbà tí ẹni tó ń ta ìbọn bá ń sọ fún mi pé “ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀”.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn. Láti oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 ní Texas, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé e láìgba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀ mò ń gba ìwé náà, dọ́là 40 ni, owó ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tí kò gba ìbọn láàyè láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilé ẹ̀kọ́, àmọ́ ó yọ ẹni tí ìpínlẹ̀ ti fún ní ìwé àṣẹ sílẹ̀. Èmi ni mò ń lọ gbé ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́. Inú ilé ẹ̀kọ́ gan-an, àti ilé ọtí tí wọ́n lẹ “51%” pupa mọ́ lára (àmì pé ọtí ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn wọlé), ìwé àṣẹ kankan kò lè mú un wọlé. (Kí ni ìbọn tilẹ̀ ń wá lábẹ́ agbádá lóde ìyàwó, níbi tí ọtí ti ń ṣàn?)

Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láàárọ̀ yìí wọ́n to ìbọn mẹ́rin sórí tábìlì níbi tí a ti ń yìnbọn, wọ́n ní, “Àbúrò, má bi mí léèrè èwo ló dáa. Bi ọwọ́ rẹ.”

LCP, ìbọn àpò kékeré ti ilé iṣẹ́ Ruger, ni mo kọ́kọ́ mú. 2008 ni wọ́n gbé e jáde. Kò tó gíráàmù 300 bí ọta kò bá sí nínú rẹ̀, ìnípọn rẹ̀ kò sì tó ìnṣì kan. Bó o bá kì í bọ àpò, o lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ìka méjì péré ló rí ìdí rẹ̀ dì mú, ìka kékeré mi ń rọ̀ dànù lábẹ́. Nígbà tó ró, ó ta mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá pọ́n. Yáàdì 7 péré ni bébà tí mò ń yìnbọn sí wà, ọta kan wọ àárín, ìyókù fọ́n ká. Ìbọn tó fúyẹ́ kò ní ara tó máa fi gba ipá ọta, ọwọ́ ẹni tó dì í mú ló ń kó gbogbo rẹ̀ fún. Ẹ̀gbọ́n wo bébà, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ìyẹn dùn ún gbé, kò dùn ún yìn.” Ẹni tí yóò gbé irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yìn ín lemọ́lemọ́, ẹni tó bá sì ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ yìn ín lemọ́lemọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbé e kalẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni Smith & Wesson 642, revolver (ìbọn tí ilé ọta rẹ̀ ń yí po) ọlọ́ta márùn-ún tó ń yin ọta tí wọ́n ń pè ní .38 Special. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú. Òòlù rẹ̀ wà nínú, kò sí ohun tó yọ gọngọ tó máa há mọ́ aṣọ nígbà tí a bá ń fà á jáde. Ìdààmú rẹ̀ ni pé ìbọn náà fúnra rẹ̀ kò wúwo tó pọ́ùn kan, ṣùgbọ́n ibi ìfà rẹ̀ ń fẹ́ ipá bíi pọ́ùn 12 kó tó ró. Bí mo ṣe ń fà á ni ẹnu ìbọn ń yà sọ́tùn-ún. Ẹ̀gbọ́n fi tiwọn lu ojú kan náà lẹ́ẹ̀márùn-ún, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni mò ń wò.

Mo yin P365 ti Sig Sauer náà, ti 2018, ọta 9mm mẹ́wàá nínú magasínì, ìyẹn àpò ọta rẹ̀. Ká ní ìbàdí ni mo fẹ́ fi sí, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí, nítorí ó gbọ́ràn sí mi lọ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n nínú àpò ṣòkòtò tí mo ń wọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, ó wú síta, ó sì fa ṣòkòtò wálẹ̀ lápá kan.

Glock 42 ló kẹ́yìn. Kò fi ìnṣì kan gùn ju LCP lọ, ó sì fi bíi ọgọ́rùn-ún gíráàmù wúwo jù ú, ìyẹn ló mú kó tutù lọ́wọ́. Ọta mẹ́fà ni magasínì rẹ̀ ń gbà, irú ọta .380 kan náà tí John Browning, ẹni tó ń ṣe ìbọn, ṣe ní 1908. Àwọn kan ń fojú tín-ín-rín .380. Òótọ́ ni pé kò lágbára tó 9mm, àti pé láti inú ọ̀pá kúkúrú, òmíràn nínú ọta rẹ̀ kì í wọnú jẹ́lì ìdánwò tó ìnṣì 12 tí FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, fi ń díwọ̀n. Ṣùgbọ́n ìbọn tí kò lẹ́tù pàápàá, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ọta tó bá ibi tí mo wò ló wúlò fún mi ju ọta ńlá tó lọ lu ògiri ẹlòmíràn.

Àkọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń fò. Ẹ̀gbọ́n ti yá mi ní ìbọn oníke aláwọ̀ búlúù kan, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, kí n máa fi rìn nínú ilé. Ní alẹ́ Wẹ́sìdé, bàbá ìyàwó mi dé láti Dallas. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìdí ìbọn gún mi nítan, kí n tó dìde, ó ti yọ́ kúrò nínú àpò, ó sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú Bàbá. Bàbá wò ó títí. “Ṣé nǹkan ìṣeré ọmọ nìyí, àbí tìẹ?” Ẹ wá wò ó, kò sí ìwé ìtọ́ni kankan tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yorùbá máa ń dọ̀bálẹ̀. Àkọ̀ tó dáa máa ń di ìbọn mú lójú kan, ó ń bo ibi ìfà mọ́lẹ̀, aṣọ rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki lẹ́yìn kó má bàa tẹ̀ lé ìbọn jáde. Glock kò ní ohun tí à ń tẹ̀ kó má yìn, nítorí náà láìsí àkọ̀, n kò ní í gbé e. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọ́dọ̀ bá a gbé àpò kan náà, owó ẹyọ kò gbọ́dọ̀ bá a gbé e. Ohun tó bá há sí ibi ìfà lè fà á. Mo tún rí i pé bí mo bá jókòó sínú ọkọ̀ tí mo de bẹ́líìtì, ọwọ́ mi kò dé ìsàlẹ̀ àpò mọ́. Bí mo bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo lè ti ọwọ́ bọ àpò bí ẹni tí òtútù ń mú, kò sẹ́ni tó máa fura. Nítorí èyí gan-an ni mo ṣe ń wá ìbọn àpò.

Ẹni tó ń yẹ àpò mi wò jù láyé yìí ni ọmọ wa obìnrin. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Bí mo bá ti wọlé, kò tíì kí mi tán tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń wọ àpò ọ̀tún, súìtì ló ń wá. Òfin Texas ní bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tó lọ́ta mú nítorí àìbìkítà ẹni tó ni ín, onítọ̀hún ti dá ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí níbẹ̀. Àpótí irin kékeré tó ń fi nọ́ńbà ṣí ti wà lára ògiri yàrá wa báyìí, mo ti lu ìṣó rẹ̀ kí ìbọn tó dé. Súìtì ti kó lọ sí àpò àyà ẹ̀wù mi. Ọmọ náà ti ń mọ ibẹ̀.

Ìyàwó mi kò fẹ́ ìbọn nílé, kò sì fi pa mọ́ fún mi. Lónìí ó bá wa lọ, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń dí etí. Nígbà tí a ń kó nǹkan jọ, ó bọ́ síwájú, ó bi Ẹ̀gbọ́n bóyá òun lè fa irin òkè Glock náà sẹ́yìn. Wọ́n yọ magasínì, wọ́n fi hàn án pé inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n gbé e fún un. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, kò lọ. Ó yí ìdúró padà, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó lọ.

“Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ ọta inú ẹ̀,” ló sọ fún wọn. “Tí ó bá máa wọ ilé mi, mo gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń ṣófo.”

Ẹ̀gbọ́n wo ojú mi. Mo sanwó ẹ̀kọ́ ẹni méjì, Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Ìbọn lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.