Ọjọ́ ni wọ́n ń kà

Ní Sátidé, ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2021, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú ilé wa ní Manchester. Mo ti dáhùn gbogbo ohun tí fọ́ọ̀mù AN bi mí. Káàdì báǹkì ti wà lọ́wọ́ mi, 1,330 pọ́n-ùn ni mo fẹ́ san kí n lè di ọmọ orílẹ̀-èdè Bìrìtéènì gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọmọ ibẹ̀. Ọkọ mi ti ilé ìdáná bọ̀, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ìyá Dàmọ́lá, ọjọ́ bí ọ̀la lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, níbo lo wà?"

Mo dákẹ́. Ìbàdàn ni mo wà. Òkú bàbá mi ni mo lọ sin. Ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2018 ni mo kúrò ní Manchester, mi ò sì padà dé títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin.

Mo pa kọ̀ǹpútà náà dé.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ọkọ tàbí ìyàwó yín jẹ́ ọmọ ìlú Ọba, ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Bí ẹ bá pè mí, ohun tí ẹ máa ń bi mí ni bóyá wọ́n á bèèrè fọ́tò ìgbéyàwó, bóyá wọ́n á wá wo ilé bóyá ẹ jọ ń sùn. Ìdí físà nirú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà. Ní ti sitisẹ́ǹṣípù, òfin ọdún 1981 kò sọ pé ìgbéyàwó yín gbọ́dọ̀ ti pé iye ọdún kan. Ohun tó ní kí ẹ jẹ́ ni tọkọtaya ní ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀, kí ẹnì kejì yín sì ti jẹ́ ọmọ Bìrìtéènì lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ ni wọ́n ń kà.

Bí wọ́n ṣe ń kà á rèé. Láti ọjọ́ tí ìwé yín bá dé ọwọ́ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Bìrìtéènì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á ka ọdún mẹ́ta padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọdún mẹ́ta yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ Bìrìtéènì. Bí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2021, ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 2018 ni wọ́n máa wò. Láàárín ọdún mẹ́ta náà, ọjọ́ tí ẹ fi wà lẹ́yìn odi kò gbọdọ̀ ju 270 lọ. Nínú ọdún kan tó gbẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ ju 90 lọ. Ẹni tí kò fẹ́ ọmọ Bìrìtéènì, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń ka tirẹ̀, 450 ọjọ́ sì ni òdiwọ̀n tirẹ̀.

Ká ní mo san owó yẹn ní Sátidé yẹn, wọ́n ì bá kọ̀ mí, owó náà ì bá sì ti lọ. 80 pọ́n-ùn tó jẹ́ ti ayẹyẹ ìbúra nìkan ni wọ́n ì bá dá padà. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2022 ti jáde, Home Office ti ní àyè láti mójú fo ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn bí wọ́n bá rí ìdí pàtàkì. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ gbé owó tó ti ju 1,600 pọ́n-ùn lọ báyìí lé orí àánú ẹnikẹ́ni, nígbà tó jẹ́ pé sùúrù ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù. Ọjọ́ 17 ni mo fi dúró. Tuesday tó tẹ̀lé Àjíǹde ni mo tó san án.

Ní alẹ́ Sátidé yẹn ni mo mú ìwé kékeré kan tí Dàmọ́lá fi ń ya àwòrán, mo sì kọ gbogbo ìrìn tí mo ti rìn láti ọdún 2016 sínú rẹ̀. Kò rọrùn. Ìlú Ọba kì í tẹ òǹtẹ̀ sí páálí èèyàn tó bá ń jáde. Òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ fún mi ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ni mo fi tọpa rẹ̀, àti ímeèlì tí wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ẹ rántí pé ọjọ́ tí ẹ gbéra àti ọjọ́ tí ẹ padà wọlé kì í ṣe ara ọjọ́ tí ẹ kò sí nílé. Mo jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 2019, mo wọlé ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní 2020. Ọjọ́ 22 ni wọ́n kà sí mi lọ́rùn. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ tí ẹ bá ti dé láti ìrìn àjò ni kí ẹ kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ nínú yín lọ́nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa wá bá mi pé òun ti pé ọdún mẹ́ta lórí físà ọkọ, òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé, "Indefinite rẹ ńkọ́?" Ìwé àṣẹ láti máa gbé níbí láìní gbèdéke ni mò ń wí. Kò tíì ní. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: láìsí indefinite lọ́wọ́, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi fọ́ọ̀mù AN ṣe. Físà tọkọtaya tí ẹ bá sì gbà láti Nàìjíríà, oṣù 33 ni. Ẹ ó tún un gbà fún oṣù 30. Nígbà tó bá pé ọdún márùn-ún ni indefinite tó kàn. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń sọ fún yín pé àwọn parí gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta kò purọ́. Wọ́n dé ṣáájú oṣù keje ọdún 2012, nígbà tó jẹ́ pé ọdún méjì ni èèyàn fi ń dúró de indefinite. Òfin ti yí padà lẹ́yìn wọn.

Níbo wá ni àǹfààní wa wà? Ẹni tó gba indefinite nípa iṣẹ́, tí kò sì fẹ́ ọmọ Bìrìtéènì, á tún dúró oṣù 12 kó tó lè kọ fọ́ọ̀mù. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí indefinite bá dé lónìí, ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ lọ́la, tí òǹkà ọjọ́ yín bá ti péye. Èmi wọ ìlú yìí ní oṣù kìn-ín-ní 2016. Wọ́n gba èèyàn láyè kó kọ̀wé fún indefinite ní ọjọ́ 28 ṣáájú kí ọdún márùn-ún tó pé, nítorí náà oṣù Kejìlá 2020 ni mo kọ tèmi. Ó jáde ní oṣù kejì. Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, físà iṣẹ́ ló bá dé, ó sì fẹ́ ọmọ ibí ní ọdún kan ṣáájú kó tó gba indefinite. Òun náà kò dúró oṣù 12 kankan. Tirẹ̀ ló yá jù nínú gbogbo wa.

Orúkọ ńkọ́? Èyí ká mi lára gan-an. Orúkọ bàbá mi ni mo ń jẹ́ nínú páálí Nàìjíríà mi, orúkọ ọkọ mi ni mo ń jẹ́ níbi iṣẹ́ àti ní báǹkì. Àwọn tó ń ṣe páálí Bìrìtéènì kì í gbà kí orúkọ inú páálí méjèèjì yàtọ̀ síra. Mo ní láti lọ sí ọ́fíìsì Nàìjíríà tó wà ní Northumberland Avenue ní London láti yí i padà. Ẹ tètè ṣe tiyín nígbà tí àyè ṣì wà, ẹ sì rí i pé bí orúkọ ṣe tò nínú ìwé kan ló tò nínú èkejì.

Ìdánwò Life in the UK, tó dá lórí ìtàn àti ìgbé ayé ìlú yìí, kò le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀: ìbéèrè 24, ìṣẹ́jú 45, kí ẹ gba 18. Èyí tí ẹ fi gba indefinite náà lẹ ó tún lò. Dìgírì yín láti Nàìjíríà lè dúró fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé lé e lọ́dọ̀ Ecctis, àjọ tó ń jẹ́rìí sí dìgírì ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni méjì ló máa jẹ́rìí yín, wọ́n gbọ́dọ̀ ti mọ̀ yín fún ọdún mẹ́ta, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí yín. Olùṣọ́-àgùntàn wa àti aládùúgbò wa kan, ìyá àgbà ọmọ Wales, ni mo lò.

Níbi tí fọ́ọ̀mù ti ń bèèrè nípa ìwà rere yín, ẹ sọ òtítọ́. Mo mọ àwọn nínú yín tó ń dirí nílé, tó ń se oúnjẹ òde ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí owó tó ń wọlé níbẹ̀ bá ju 1,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún, HMRC, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí, gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i, Home Office sì lè bèèrè lọ́wọ́ wọn. Owó ìtanràn mọ́tò tí ẹ san nítorí eré àsápajúdé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun kékeré tí ẹ bá sọ kì í sábà dí yín lọ́wọ́. Ohun kékeré tí ẹ bá fi pamọ́ lè di irọ́ pípa, wọ́n sì lè torí irọ́ kọ̀ yín fún ọdún mẹ́wàá. Kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti di ọmọ ìlú, òfin gbà wọ́n láyè láti gbà á padà.

Ẹ sì sá fún ẹni tó bá ń gba owó ní kọ̀rọ̀ ìjọ pé òun á bá yín kọ fọ́ọ̀mù, tí kì í ṣe lọ́yà, tí kò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, tí wọ́n ń pè ní OISC tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1999 ni òfin ti sọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ó dùn mí pé àwa-ara-wa ló ń ṣe é fún ara wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Nàìjíríà á gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ yín, ẹ ka abala 28 nínú ìwé òfin ọdún 1999. Ọmọ bíbí Nàìjíríà kì í pàdánù tirẹ̀ nítorí pé ó gba ti ibòmíì.

Oṣù Kẹwàá ni lẹ́tà mi dé. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún èèyàn láti lọ búra. Nínú gbọ̀ngàn ìlú ni mo ti búra fún Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ọba Charles Kẹta ni tiyín. Wọ́n ní kí èèyàn yàn bóyá ó fẹ́ fi orúkọ Ọlọ́run búra tàbí kó kàn jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo fi orúkọ Ọlọ́run búra. Mo rántí bàbá mi, mo sì sunkún níbẹ̀.

Láti ọjọ́ ìbúra, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan títí páálí Bìrìtéènì yóò fi dé, torí pé indefinite tí ẹ fi ń wọlé tẹ́lẹ̀ ti parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti rí ẹni tí èyí há mọ́ Èkó.

Ní Àjíǹde ọdún 2022, mo lọ wo ibojì bàbá mi pẹ̀lú Dàmọ́lá. Páálí Nàìjíríà ni mo fi wọ Ìkẹjà, ti Bìrìtéènì ni mo fi padà wọ Manchester. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la lò ní Ìbàdàn. Ìwé kékeré yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ nígbà tí mo padà dé. Mi ò kọ nǹkan kan sí i.